Kí Ni Gbogbo Orúkọ Yìí Ń Ṣe Nínú Bíbélì? Ìbéèrè àti Ìdáhùn lórí Ìwé Ìdílé Àwọn Tó Ti Ìgbèkùn Dé

Tí wọ́n bá ní kí èèyàn wá ka Ẹsra orí 2 sókè ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni tó bá rọ́nà sá á sá. Orúkọ ni, iye ni, orúkọ ni, iye ni, títí orí náà fi parí. Ọ̀pọ̀ wa máa ń fò ó ni, ká lè tètè dé ibi tí wọ́n ti ń fi ìpìlẹ̀ tẹ́ḿpìlì lélẹ̀. Àwọn ìbéèrè tó ń jáde jù nígbà tí ẹ̀kọ́ Bíbélì bá kan àwọn orí wọ̀nyí la kó jọ síbí.

Àwọn wo gan-an là ń sọ, ìgbà wo sì ni?

Àwọn ará Júdà tí Nebukadnessari kó lọ sí Bábílónì ni. Wọ́n kó ìpín kan lọ lọ́dún 597 ṣáájú Kristi. Ní 586 (àwọn kan ń kà á sí 587), Jerúsálẹ́mù ṣubú, wọ́n sì dáná sun tẹ́ḿpìlì. Kirusi ọba Páṣíà gba Bábílónì ní 539. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ló pàṣẹ pé kí ẹni tó bá fẹ́ padà lọ kọ́ ilé Olúwa. Serubbabeli àti Jeṣua àlùfáà ló ṣáájú àwọn tó kọ́kọ́ dé. Tẹ́ḿpìlì parí ní 515, Ẹsra dé ní 458, Nehemiah dé ní 445.

Àwọn ìwé orúkọ tó bá àsìkò yìí rìn ni Ẹsra 2, 8 àti 10, Nehemiah 7, 11 àti 12, pẹ̀lú orí mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ nínú Kronika Kìíní, tí wọ́n kọ lẹ́yìn tí ìgbèkùn ti kọjá.

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibi ahoro. Kí ló dé tó jẹ́ orúkọ ni wọ́n ń kọ?

Nítorí pé ahoro ni. Níbi tí ọba bá ti wà lórí ìtẹ́, tí odi yí ìlú ká, kò sẹ́ni tó ń dá ará ìlú dúró bi í pé ta ni ọ́. Júdà ò ní ọba mọ́. Agbègbè kékeré kan lábẹ́ ìjọba Páṣíà ni, odi Jerúsálẹ́mù sì wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ fún ohun tó lé ní 90 ọdún lẹ́yìn tí àwọn àkọ́kọ́ dé. Ilẹ̀, pẹpẹ àti ìdílé ló kù fún wọn. Méjì àkọ́kọ́ sì rọ̀ mọ́ ẹ̀kẹta, torí pé ẹni tó ni oko àti ẹni tó lè rúbọ, "ọmọ ta ni ọ́?" ni wọ́n fi ń mọ̀ wọ́n. Ẹnikẹ́ni tó bá ti bá ẹbí rẹ̀ dé kọ́ọ̀tù lórí ilẹ̀ ìdílé mọ ohun tí mò ń wí: adájọ́ ò ní béèrè bóyá o rẹwà, ìran rẹ ló máa ní kí o kà.

Ẹ wo ìlà kan péré, Ẹsra 2:23: "àwọn ọkùnrin Anatoti, 128." Ẹ lè fojú fò ó dá. Ṣùgbọ́n Anatoti ni ìlú Jeremiah. Nígbà tí ogun Bábílónì ti yí Jerúsálẹ́mù ká, tí wọ́n ti ti Jeremiah mọ́lé ní àgbàlá túbú, Hanameli ọmọ arákùnrin bàbá rẹ̀ wá bá a pé kó ra oko òun ní Anatoti. Ta ló ń ra oko níbi tí ọ̀tá pàgọ́ sí? Jeremiah wọn ṣékélì fàdákà 17, ó kọ ìwé, ó fi èdìdì dì í, ó pe ẹlẹ́rìí, ó sì ní kí Baruku kó ìwé náà sínú ìkòkò amọ̀ kó lè pẹ́, torí pé Olúwa ní wọ́n ṣì máa ra ilé àti oko àti ọgbà àjàrà ní ilẹ̀ náà (Jeremiah 32). Ìyẹn ṣẹlẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 587. Ìran kan kọjá, ìwé orúkọ dé, ó ní ọkùnrin 128 láti Anatoti ti wọlé. Bíbélì ò sọ fún wa pé ẹnì kan lọ wú ìkòkò náà jáde. Síbẹ̀, ní ìlà yẹn la ti rí i pé àwọn olóko ti padà dé.

Lẹ́yìn ìgbèkùn tó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, báwo ni wọ́n ṣe lè rántí ìdílé wọn?

Bábílónì ò tú wọn ká káàkiri. Ó tẹ̀ wọ́n dó ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́. Esekieli dárúkọ Tel-Abibu lẹ́bàá odò Kebari, àwọn àgbààgbà Júdà sì máa ń wá jókòó síwájú rẹ̀ nínú ilé rẹ̀. Ẹ̀rí òde náà wà: wàláà amọ̀ láti Bábílónì, tí èyí tó pẹ́ jù nínú wọn jẹ́ ti 572 ṣáájú Kristi, dárúkọ ibùdó kan tí wọ́n ń pè ní Āl-Yāhūdu, ìyẹn ìlú Júdà. Àwọn tó ń jẹ́ orúkọ tó ní orúkọ Olúwa nínú ń háyà oko níbẹ̀, wọ́n ń yá ọkà, wọ́n ń san owó orí. Wọn ò di ará Bábílónì.

Fún àwa tí à ń ka Bíbélì Yorùbá, kò yẹ kí èyí jọ wá lójú jù. Samuel Ajayi Crowther, tó wà lára àwọn tó túmọ̀ rẹ̀, ni wọ́n kó lẹ́rú ní Òṣogùn lọ́dún 1821. Ní 1846, ní Abẹ́òkúta, òun àti ìyá rẹ̀ tún fojú kan ara wọn.

Ṣé gbogbo èèyàn ni wọ́n fi orúkọ bàbá mọ̀?

Rárá. Apá àkọ́kọ́ Ẹsra 2 fi bàbá ńlá pè wọ́n: àwọn ọmọ Paroṣi, 2,172. Lẹ́yìn náà ló yí padà sí ìlú: Bẹ́tílẹ́hẹ́mù 123, Netofa 56, Jẹ́ríkò 345. Ẹni tí kò ní bàbá ńlá olókìkí ṣì ní ìlú tó lè dárúkọ.

Àwọn tí kò rí ìwé tiwọn ńkọ́?

Ibí yìí ni mo máa ń dúró sí jù, torí ibẹ̀ la ti rí ohun tí ìwé náà wà fún. Ẹsra 2:59–63 sọ ti ọ̀wọ́ méjì.

Àwọn àkọ́kọ́ jẹ́ ará ilé lásán, kì í ṣe àlùfáà. Wọ́n ti Tel-mela, Tel-harsa, Kerubu, Addani àti Immeri wá: àwọn ọmọ Delaiah, Tobiah àti Nekoda, 652 lápapọ̀. Wọn ò lè fi ilé bàbá wọn hàn bóyá ti Ísírẹ́lì ni wọ́n. Ẹ wá wò ó: ìwé tó yẹ kó yọ wọ́n kúrò ló kọ orúkọ wọn sílẹ̀ yìí, ó ka iye wọn, ó sì dárúkọ ibi tí wọ́n ti wá. Kò sí ẹsẹ kankan tó ní wọ́n lé wọn padà sí Bábílónì. Wọ́n jọ rin ìrìn àjò náà ni.

Àwọn kejì ni àlùfáà: àwọn ọmọ Habaiah, ti Hakosi àti ti Barsillai. Ti Barsillai yìí dùn ún gbọ́. Barsillai ará Gileadi ni bàbá arúgbó ọlọ́rọ̀ tó gbé ibùsùn, àlìkámà, ẹ̀wà, oyin àti àgùntàn lọ pàdé Dáfídì ní Mahanaimu nígbà tí Absalomu lé e kúrò nílé. Ẹni 80 ọdún ni. Dáfídì ní kó wá máa bá òun jẹun ní Jerúsálẹ́mù, ṣùgbọ́n Barsillai ní òun ti dàgbà jù, kí ọba jẹ́ kóun kú sí ìlú òun. Dáfídì ò gbàgbé oore náà títí dọjọ́ ikú. Orúkọ ńlá ni. Àlùfáà kan wá fẹ́ ọmọ ilé yẹn, ó sì gba orúkọ wọn. Ọkùnrin tó gba orúkọ ilé àna rẹ̀! Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ nítorí ilẹ̀, torí pé òfin ò fún àlùfáà ní ìpín ilẹ̀, ilé Barsillai sì ní. Nígbà tó ṣe é, ó jọ ọgbọ́n. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ dúró níwájú akọ̀wé, wọ́n wá orúkọ wọn lábẹ́ Aaroni, wọn ò rí i.

Ìdájọ́ tí gómìnà dá fún wọn ló yẹ ká wò dáadáa. Kò pè wọ́n ní òpùrọ́. Ó ní kí wọ́n má jẹ nínú ohun mímọ́ jùlọ títí àlùfáà kan yóò fi dìde pẹ̀lú Urimu àti Tummimu, ìyẹn ohun tí àlùfáà fi ń béèrè lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ìyà wà nínú rẹ̀, torí oúnjẹ pẹpẹ ni àlùfáà ń jẹ. Síbẹ̀, ó dá ẹjọ́ náà dúró ni, kò parí rẹ̀. Ohun tí àkọsílẹ̀ ò lè yanjú, ó fi sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Lójú tèmi, ó ṣọ̀wọ́n kí aláṣẹ tó ní ìwé lọ́wọ́ gbà pé ìwé náà ò mọ gbogbo nǹkan.

Ṣé àlùfáà oní-Urimu náà wá dìde?

Bíbélì ò sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Hakosi tún yọjú. Nínú Nehemiah 3, Meremoti ọmọ Uriah ọmọ Hakosi ń tún odi ṣe, ibi méjì ni wọ́n ti dárúkọ rẹ̀. Nínú Ẹsra 8:33, Meremoti ọmọ Uriah àlùfáà ni wọ́n wọn fàdákà àti wúrà tẹ́ḿpìlì lé lọ́wọ́. Tó bá jẹ́ ẹnì kan náà ni, ó jọ pé ẹjọ́ wọn ti yanjú.

Kí ló dé tí wọ́n fi le mọ́ àwọn àlùfáà tó bẹ́ẹ̀?

Òfin Mósè ló ní ọmọ Aaroni nìkan ló lè dé ibi pẹpẹ, àjèjì tó bá sún mọ́ ọn á kú. Wọ́n sì gbà pé irú àìbìkítà bẹ́ẹ̀ sí ohun mímọ́ wà lára ohun tó kó wọn dé ìgbèkùn. Àṣà náà pẹ́ lọ́wọ́ wọn. Josephus, òpìtàn Júù ti ọ̀rúndún kìíní, sọ pé kódà àwọn àlùfáà tó ń gbé Íjíbítì àti Bábílónì máa ń fi orúkọ ìyàwó tí wọ́n fẹ́ àti ti àwọn baba ńlá rẹ̀ ránṣẹ́ sí Jerúsálẹ́mù.

Wọ́n ní Nehemiah "rí" ìwé ìdílé. Kí ló fẹ́ fi ṣe?

Ó fẹ́ fi kún ìlú. Ọjọ́ 52 ni wọ́n fi parí odi, ó sì gbé ìlẹ̀kùn sí i, ó fi aṣọ́bodè síbẹ̀. Ó wá wo inú ìlú: ìlú gbòòrò, èèyàn ò tó nǹkan, wọn ò tíì kọ́ ilé (Nehemiah 7:4). Odi dára, ta ló ń ṣọ́? Ìgbà náà ni ó pe àwọn ìjòyè àti àwọn èèyàn jọ láti kà wọ́n ní ìdílé ìdílé, ó sì rí ìwé àwọn tó kọ́kọ́ gòkè wá. Ìwé náà ti lé ní 90 ọdún nígbà yẹn.

Orí 11 ló sọ ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ wá. Wọ́n ṣẹ́ kèké: ẹnì kan nínú mẹ́wàá á kó wá sí Jerúsálẹ́mù, àwọn mẹ́sàn-án á dúró sí ìlú wọn. Wọ́n súre fún àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn, èyí tó fi hàn pé kò rọrùn. Ta ló fẹ́ fi oko rẹ̀ sílẹ̀ lọ máa gbé inú àlàpà? Orúkọ tún tẹ̀ lé e: ọmọ Peresi 468, ará Bẹ́ńjámínì 928, aṣọ́bodè 172. Orúkọ rẹ nínú ìwé túmọ̀ sí pé iṣẹ́ ń bọ̀ wá bá ọ. Àwọn tó ń rò pé ìwé ìdílé jẹ́ ohun ìyangàn kò tíì ka orí 11.

Ẹsra 2 àti Nehemiah 7 ò bára mu. Èwo la fẹ́ gbà gbọ́?

Òótọ́ ni, wọn ò bára mu níbi púpọ̀. Àwọn ọmọ Asgadi jẹ́ 1,222 nínú Ẹsra, wọ́n di 2,322 nínú Nehemiah. Akọrin 200 di 245. Tí ẹ bá ro iye tó wà lára ìdílé kọ̀ọ̀kan pọ̀, ti Ẹsra á fún yín ní 29,818, ti Nehemiah á fún yín ní 31,089, ìwé méjèèjì sì sọ pé àpapọ̀ jẹ́ 42,360! Adàkọ lè ṣi iye kọ, ìyẹn rọrùn ju kó ṣi orúkọ kọ lọ. Wọ́n tún lè ti tún ìwé náà ṣe bí èèyàn ṣe ń dé, tàbí kí àpapọ̀ ka àwọn kan tí wọn ò kà sábẹ́ ìdílé. Mi ò rí ìdí tó fi yẹ ká máa lọ́ ọ kó lè bára mu. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ẹnikẹ́ni ò tún un ṣe: wọ́n gba ìwé méjèèjì bí wọ́n ṣe bá a, wọ́n sì fi méjèèjì sílẹ̀ fún wa.

Ṣé gbogbo bàbá tó wà láàárín ni wọ́n máa ń kọ?

Wọn kì í kọ gbogbo rẹ̀. Ẹsra 7 pe Ẹsra ní ọmọ Seraiah. Seraiah àlùfáà àgbà ni Nebukadnessari pa ní Ribla nígbà tí Jerúsálẹ́mù ṣubú, Ẹsra sì dé ní 458. Àlàfo náà lé ní ọdún 120. "Ọmọ" níbẹ̀ jẹ́ àtìrandíran. Bákan náà, Serubbabeli jẹ́ ọmọ Ṣealtieli nínú Ẹsra, ọmọ Pedaiah nínú 1 Kronika 3:19; bóyá ọ̀kan bí i, èkejì sì ni wọ́n ka ogún rẹ̀ sí.

Kí ló kan Ádámù nínú ọ̀rọ̀ yìí? Kí ló dé tí Kronika fi bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀?

Òǹkọ̀wé Kronika ń bá àwùjọ kékeré sọ̀rọ̀, àwọn tó ń wo ara wọn bí èérún tó kù sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ látorí Ádámù, ó gba ọ̀dọ̀ Nóà àti Ábúráhámù kọjá, ó dé orí ẹ̀yà Ísírẹ́lì, ó wá parí rẹ̀ ní orí 9 sọ́dọ̀ àwọn tó kọ́kọ́ padà wá gbé ìlú wọn. Ìlà kan ṣoṣo ló fà láti ìṣẹ̀dá dé ẹnu ọ̀nà wọn. Ó kó àwọn ẹ̀yà àríwá tí Ásíríà ti kó lọ tipẹ́ mọ́ ọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò kọ ìran Sebuluni. Ó fi Júdà ṣáájú nítorí Dáfídì, ó sì fi Léfì sáàárín, pẹ̀lú orí kan gbọọrọ nítorí tẹ́ḿpìlì.

Orí 3 ni kí ẹ fojú sí. Jeremiah ti sọ nípa Jekoniah ọba pé kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bí aláìlọ́mọ, pé bó tilẹ̀ jẹ́ òrùka èdìdì lọ́wọ́ ọ̀tún Olúwa, a ó já a kúrò. Ọmọ ọdún 18 ni nígbà tí wọ́n kó o lọ. Wàláà amọ̀ kan láti ààfin Bábílónì ṣì wà tó kọ òróró tí wọ́n ń fún ọba Júdà àti ọmọkùnrin rẹ̀ márùn-ún. Nínú túbú, ó ń bímọ. Kronika ka àwọn ọmọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó dé orí Serubbabeli, ó tún tẹ̀ síwájú dé ọ̀pọ̀ ìran lẹ́yìn rẹ̀. Hagai sì sọ fún Serubbabeli yìí kan náà pé Olúwa máa ṣe é bí òrùka èdìdì. Kò jọba o. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọ orúkọ àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ kò tíì gbà pé ọ̀rọ̀ ilé Dáfídì ti tán.

Ṣé gbogbo èyí kì í ṣe ẹ̀yàmẹ̀yà lásán?

Ibi tó le nìyí. Ẹsra 10 kọ orúkọ àwọn tó lé ìyàwó àjèjì wọn lọ, ó sì mẹ́nu ba àwọn ọmọ. Ó dùn mí láti kà á. Kò sí ẹsẹ tó sọ ibi tí àwọn obìnrin náà lọ. Ìdí tí ẹ̀rù fi ń bà wọ́n ṣe kedere, torí àna ni ọ̀tá ń gbà wọlé: Tobiah ará Ammoni di àna àwọn ìjòyè Júdà, ó sì wá gba yàrá nínú àgbàlá tẹ́ḿpìlì kí Nehemiah tó da ẹrù rẹ̀ síta, ọmọ ọmọ àlùfáà àgbà sì fẹ́ ọmọ Sanballati, tó ń ta ko Nehemiah. Mo mọ ìdí náà. Kò mú ẹkún àwọn obìnrin yẹn fúyẹ́.

Síbẹ̀, ìwé orúkọ fúnra wọn ò fi ẹ̀jẹ̀ nìkan ṣe ẹnu ọ̀nà. Ẹsra 6:21 sọ pé ẹnikẹ́ni tó ya ara rẹ̀ kúrò nínú ìwà àìmọ́ àwọn orílẹ̀-èdè jẹ Ìrékọjá pẹ̀lú wọn. Àwọn Netinimu, ìránṣẹ́ tẹ́ḿpìlì, wà nínú ìwé ní ìdílé ìdílé, orúkọ àjèjì sì pọ̀ láàárín wọn. Nínú Kronika, Ṣeṣani tí kò ní ọmọkùnrin fi ọmọbìnrin rẹ̀ fún Jarha, ẹrú rẹ̀ ará Íjíbítì, ìran náà sì ń bá a lọ láìsí ìtìjú. Ọmọbìnrin Fáráò wà níbẹ̀. Àna Júdà tó bímọ fún un, Tamari, wà níbẹ̀. Aísáyà 56 tún wá sọ gbangba pé kí àjèjì má ṣe sọ pé Olúwa ti yà òun sọ́tọ̀. Àwọn ìwé yìí ń bá ara wọn jiyàn, mi ò sì rò pé ó yẹ ká pa wọ́n lẹ́nu mọ́.

Àwọn obìnrin mìíràn wà níbẹ̀?

Wọ́n wà, wọn ò pọ̀. Ṣelomiti arábìnrin àwọn ọmọ Serubbabeli wà nínú 1 Kronika 3:19. Ṣera, nínú orí 7, tẹ ìlú mẹ́ta dó, ọ̀kan sì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin Ṣallumu bá bàbá wọn tún odi ṣe (Nehemiah 3:12).

Pọ́ọ̀lù ní ká yẹra fún ìtàn ìran tí kò lópin. Ṣé kò ta ko èyí?

Àwọn tó ń fi ìran ṣe àríyànjiyàn asán ló ń bá wí. Mátíù bẹ̀rẹ̀ ìwé tirẹ̀ pẹ̀lú ìlà ìdílé, ó gba ọ̀dọ̀ Ṣealtieli àti Serubbabeli kọjá, ó sì dárúkọ Tamari, Rahabu àti Rúùtù lójú ọ̀nà.

Mo fẹ́ kà á fúnra mi. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti 1 Kronika 1, á sú yín. Ẹ ka Nehemiah 7:1–5, kí ẹ fò lọ sí orí 11, lẹ́yìn náà kí ẹ ka 12:27–43, níbi tí àwọn tí wọ́n ti kọ orúkọ wọn ti gun orí odi lọ́wọ̀ọ́ méjì, tí wọ́n ń kọrin. Ẹ tún wá padà sí Ẹsra 2 pẹ̀lú bírò lọ́wọ́, kí ẹ fàlà sí ìlú tí ẹ bá mọ̀. Tí ẹ bá dé Kronika, ẹ yà sí orí 4 ẹsẹ 21 sí 23: àwọn ahunṣọ ọ̀gbọ̀ àti àwọn amọ̀kòkò ọba ló wà níbẹ̀, ní ìdílé ìdílé.